Ọwọ́ Òsì Lórí Bọ́tìnnì

Ọlọ́wọ́ òsì ni mo jẹ́ láti inú ìyá mi wá, ṣùgbọ́n mi ò pẹ́ lórí oyè náà kí wọ́n tó rọ̀ mí. Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo ilé wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́, ló ṣe iṣẹ́ náà láṣeyọrí. Ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa ń kó mi lọ ní gbogbo ìsinmi iléèwé. Bí mo bá ti na ọwọ́ òsì sí abọ́ oúnjẹ, wọ́n á fi ìka méjì gbá a lẹ́yìn, pẹ́ẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ dun ni. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí ló ń dùn mí, bí ẹni pé mo tú àṣírí wọn síta lójú àlejò. Kí n tó wọ kíláàsì kejì, ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń kọ̀wé, òun náà ni mo fi ń ya ewúrẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi sí ẹ̀yìn ìwé ẹnikẹ́ni tó bá gbàgbé ìwé sílẹ̀ nítòsí mi. Ọwọ́ òsì wá di àlejò lára mi. Ó ń gbé àpò, ó ń di korobá mú, ìyókù ọjọ́ ó ń sinmi.

Iṣẹ́ àwòrán náà ni mo wá ń ṣe jẹun báyìí. Àwọn tó ń tẹ ìwé ọmọdé ló máa ń gbé iṣẹ́ fún mi: ìjàpá tó wọ bàtà, ọmọ tó ń fọ eyín, ewúrẹ́ tó ń lọ síléèwé. Inú yàrá kan tí mo háyà lẹ́yìn ibùdókọ̀ Agric ní Ìkòròdú ni mo ti ń yà wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, láìsí ọ̀dà, láìsí omi. Aládùúgbò mi, obìnrin kan tó máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, gbà pé géèmù ni mo ń gbá láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ti bá mi gbàdúrà pé kí Ọlọ́run pèsè iṣẹ́ gidi, mo sì ṣe àmín kíkankíkan, nítorí a kì í kọ àdúrà.

Mi ò bá a wí. Ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé mi, ohun tó máa rí ni pé ọwọ́ méjèèjì mi ń ṣe ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀tún mú bírò kan tí kò ní yíǹkì, ó ń fi í fa ilà lórí pátákó pẹlẹbẹ dúdú kan, ohun tó bá fà níbẹ̀ ló ń jáde lójú kọ̀ǹpútà. Òsì wà lórí bọ́tìnnì, ó ń jó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀tún nìkan ni mo ń lò. Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀, màá gbé bírò rìn lọ sí igun ojú kọ̀ǹpútà, màá wá àwọ̀ títí, màá tún rìn padà, kí n tó dé, ohun tí mo fẹ́ yà ti sá kúrò lọ́kàn mi.

Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé àwọn bọ́tìnnì kan wà tí wọn kì í dá nǹkan kan ṣe. Èyí tí wọ́n kọ Ctrl sí lára, bí o bá tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dá ọ lóhùn. Ẹnìkejì ló ń dúró dè. Di Ctrl mú kí o tẹ Z, ilà tí o fà kẹ́yìn á parẹ́ bí ẹni pé o kò fà á rí. Di Alt mú kí o fi bírò kan ibi tó wù ọ́ nínú àwòrán, àwọ̀ ibẹ̀ á wá bá ọ fúnra rẹ̀. Di Shift mú, ilà rẹ á tọ́ gbọnrangandan. Ọ̀kan tún wà tí mo fúnra mi yàn: Ctrl àti X ni mo fi ń yí àwòrán padà bíi ti inú dígí, kí ọ̀tún di òsì, kí òsì di ọ̀tún. Ayàwòrán nílò rẹ̀, torí pé bí ojú bá ti wo àṣìṣe pẹ́, ó máa ń bá a ṣọ̀rẹ́. Yí i padà, kí o wá rí imú tó wọ́.

Bí ọwọ́ òsì mi ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, inú mi náà dùn sí i. Kò pẹ́ tó fi mọ ilé gbogbo bọ́tìnnì láìwò. Bí ẹ bá bi mí pé níbo ni Alt wà, mo ní láti wo ọwọ́ mi kí n tó lè dá yín lóhùn. Ó tilẹ̀ ń ṣàṣejù. Lọ́jọ́ kan ní ibùdókọ̀ Benson, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan já wọ inú kòtò omi, ó sì ya àwòrán tirẹ̀ sára ṣòkòtò funfun mi. Kí n tó la ẹnu, ìka méjì ọwọ́ òsì mi ti ń tẹ itan mi: Ctrl, Z. Ẹrẹ̀ náà kò lọ. Mo wá padà sí ti ẹnu.

Ìyá mi ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń bá ìjàpá mi fà á. Wọ́n ní Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò jẹun dáadáa mọ́, kì í sì í ṣe àìsàn. Wọ́n jí, wọ́n wá ojú ìyá tó bí wọn lọ́kàn wọn, wọn kò rí i. Ìyá wọn yìí ti kú nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọdébìnrin. Ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, inú orí Ìyá Ẹ̀pẹ́ nìkan ni ojú náà ń gbé, kò sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá ní ó ti ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, bí ó bá sì lọ tán, ìyá àwọn tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ìyá mi bi mí bóyá iṣẹ́ mi yìí lè ya ẹni tí n kò rí rí. Mo fi ìgbéraga dáhùn pé ìjàpá tó wọ bàtà tí mò ń yà, níbo ni mo ti rí i rí?

Ní Sátidé, mo di kọ̀ǹpútà, pátákó àti kíbọọ̀dù sínú àpò, mo gba ọ̀nà Ìmọ̀tà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo bá Ìyá Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti ra páúdà, wọ́n wé gèlè. Mo rọra ṣàlàyé pé kì í ṣe àwọn ni mo fẹ́ yà. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n ṣé ìyá àwọn á wá máa bọ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, kí ó wá bá àwọn nínú ìró ìdáná? Èdè Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì dùn létí ju bí mo ṣe kọ ọ́ síbí lọ.

Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń ròyìn, mo ń yà. Iwájú orí gbòòrò. Èjí wà láàárín eyín. Ojú tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu tó mọ̀. Wọ́n ní inú iṣẹ́ ẹja làwọn ti mọ̀ ọ́n jù, orí àpótí kékeré tó máa ń jókòó lé láti la ẹja kí wọ́n tó gbé e sórí iná, ibẹ̀ ni kí n yà á sí. Mo bi wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ wo làwọn máa ń wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀bẹ kò sí ni, ṣé ọmọdé á máa sún mọ́ ọ̀bẹ ni? Ìyẹn yé mi. Mo gbé ọ̀bẹ sí ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà, mo sì ya ojú rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sí apá òsì rẹ̀ á ṣe rí i.

Ó dára lójú mi. Ìyá Ẹ̀pẹ́ wò ó pẹ́, wọ́n ní ó jọ ọ́, àmọ́ òun kọ́. Mo pa imú rẹ́, mo tún un yà. Wọ́n ní ó jọ ọ́ sí i, ó sì tún jìnnà sí i. Mo tún pa á rẹ́. Ibi tí mo ti ń pa á rẹ́ yìí ni ojú wọn ti bọ́ sí kíbọọ̀dù.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Mo ṣàlàyé títí. Ctrl, Alt, gbogbo rẹ̀. Mo ní ọ̀tún ló ń yàwòrán, òsì kàn ń bá a tẹ bọ́tìnnì ni. Wọn kò jẹ́ kí n dé ìparí.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni," ni wọ́n wí. "Ìyá mi wá ni ìwọ fẹ́ fi yà. Gbé e sẹ́yìn."

Ẹni ọdún mélòó ni mí? Mo ti ń sanwó ilé, mo ti ń kẹ́rù ara mi. Mo gbé e sẹ́yìn. Mo jókòó bí ẹni tí ọlọ́pàá mú lápá kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀tún nìkan yàwòrán bíi ti àtijọ́, bírò ń lọ sí igun, bírò ń bọ̀ láti igun. Wọ́n á ní kí n mú etí kéré, kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́, wọ́n ti gbàgbé irú etí tí wọ́n fẹ́. Inú ń bí mi. Ìgbà mìíràn òsì á yọ́ wá síwájú fúnra rẹ̀, wọ́n á sì fi ìka méjì gbá a lẹ́yìn, pẹ́ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, a ti ya obìnrin kan tó dà bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Mo wọkọ̀ padà sí Ìkòròdú, mò ń sọ gbogbo ohun tí n kò lè sọ lójú wọn nínú ọkàn mi.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ìyá mi tún pè. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní ó ku iwájú orí àti èjí, ojú náà ti lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Inú tó ń bí mi wá dà bí ìwà ọmọdé létí ara mi. Mo rò ó pé bí mo bá fi ọwọ́ kan ṣoṣo yìí máa rìn gbéregbère lójú kọ̀ǹpútà, obìnrin náà á parẹ́ pátápátá kí n tó bá a. Mo sì mọ̀ pé Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò ní yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Kò sí ẹni tó rí i kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà rí, títí kan bàbá àgbà mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Inú ọkọ̀ tí mo fi ń padà lọ ni ó ti sọ sí mi lọ́kàn. Ctrl kì í dá ṣiṣẹ́, ẹnìkejì ló ń dúró dè. Ta ló wá sọ pé ara mi ni ẹnìkejì náà gbọ́dọ̀ ti wá?

Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́, mo gbé kíbọọ̀dù lé Ìyá Ẹ̀pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo lẹ plásítà pupa mọ́ Ctrl, mo lẹ funfun mọ́ Z. Mo ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò ọ̀tún di pupa mú, kí wọ́n fi ìka ìlábẹ̀ tẹ funfun, bí mo bá ti ya ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n pa á rẹ́ fúnra wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ ta ayédèrú ọjà fún wọn. Mo fa ilà burúkú kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ fà á. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ilà lọ. Wọ́n ní kí n tún fa òmíràn. Ìyẹn náà lọ. Ẹ̀rín tó jáde lẹ́nu wọn, n kò gbọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú.

Láti ìgbà náà, mo di ọmọ iṣẹ́. Bí mo bá fa ilà tán báyìí, wọ́n ti pa á rẹ́. Wọ́n pa etí rẹ́, wọ́n pa ọrùn rẹ́. Wọ́n pa àpótí kan tó dára gan-an rẹ́ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wù wọ́n. Mo ní kí wọ́n ṣàánú mi. Wọ́n ní àánú kò sí níbi iṣẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, èmi lọ́tùn-ún, àwọn lósì, iṣẹ́ náà sì ń yá ju bí mo ṣe rò lọ. Ojú náà ń bọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé, èjí dé, ẹ̀rín abẹ́ ojú dé. Síbẹ̀ wọ́n á gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á mí kanlẹ̀. "Ó kù díẹ̀. Mi ò mọ ohun tó kù."

Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ó rẹ̀ mí. Mo ya èékánná kan tí wọn kò fẹ́, wọ́n sáré láti pa á rẹ́, ìka wọn sì yẹ̀ kúrò lórí plásítà funfun bọ́ sórí bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. X. Gbogbo àwòrán náà yí padà lójú wa. Obìnrin tó kọjú sí ọ̀tún kọjú sí òsì, ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún bọ́ sí ọwọ́ òsì.

Mo ti na ọwọ́ láti dá a padà kí wọ́n tó bínú. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìyá mi nìyí."

Wọ́n sunkún díẹ̀, wọn kò sì fi pamọ́. Nígbà tó pẹ́ ni wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ fún ìyá mi rí, tí wọn kò sì sọ fún mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń bi wọ́n nípa ọ̀bẹ. Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá wọn. Ọwọ́ náà ló fi ń la ẹja, kò sì sí ẹni tó yára tó o létí omi. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ni ọ̀bẹ kò sí. Ẹ̀gbẹ́ ojú tí mo ti ń yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí wọn kì í sábà rí ni. Kò lè jẹ́ ìyá wọn láéláé.

"Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kò jẹ ọbẹ̀ tó bá fi ọwọ́ yẹn rò," ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ wí. "Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ní kó ti máa la ẹja, kí àlejò má baà rí i. Èmi nìkan ni mo máa ń bá a jókòó níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé ìwọ wá, tí o fi òsì gba àkàrà lọ́wọ́ mi, àyà mi já. Mo ní kì í ṣe ìwọ. Ẹnikẹ́ni ò ní kọ oúnjẹ rẹ."

Mo wo ọwọ́ òsì mi tí mo ṣì gbé sẹ́yìn. Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé wọ́n kórìíra rẹ̀, ààbò ni wọ́n ń ṣe fún un. Ó dùn mí, inú mi sì tún dùn. N kò mọ èyí tí mo fẹ́ gbà nínú méjèèjì, mo bá gba méjèèjì.

Mo ní kí wọ́n gbé kíbọọ̀dù wá. Wọ́n gbé e fún mi, wọn kò sì gbá ọwọ́ kankan. Òsì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Alt mú àwọ̀ iná lára ẹja wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, Shift fa etí ọ̀bẹ tọ́, kí oòrùn tó wọ̀ a ti parí. Mo tẹ Ctrl àti S, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó tọ́jú rẹ̀. Ìyá Ẹ̀pẹ́ bi mí kí ni ìyẹn ń ṣe. Mo ní òun ni kò ní jẹ́ kó lọ mọ́. Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀, kó lè dá àwọn lójú.

Wọ́n jẹ iyán alẹ́ ọjọ́ náà tán. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n bu ẹja yíyan sínú ọ̀rá fún mi, bí ìṣe wọn. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ ọ̀tún, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Wọn kò gbé e sí i.

"Èkejì ńkọ́?"

Mo na òsì. Inú rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹja náà sí, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn méjèèjì pa á dé.